Ìbò Oko àti Ìbò Ìgboro: Ìtàn Tí Kò Bá Ìbàdàn Mu

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá ti parí, yálà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, nínú ọkọ̀ tí ń ná Bódìjà sí Dùgbẹ̀, tàbí lórí ètò rédíò òwúrọ̀ tí àwọn olùgbọ́ ti máa ń fóònù wọlé. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi yóò mí kanlẹ̀, yóò sì ní àwa ará ìgboro ti ṣe tiwa, àwọn ará oko ni wọ́n lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú tí wọ́n sì kó ìbò fún wọn. Lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, oríṣi olùdìbò méjì ló wà nílẹ̀ yìí: ọ̀kan ń gbé ìgboro, ó ń gbọ́ ìròyìn, ó ń fi òye yan ẹni tí yóò dìbò fún, èkejì ń gbé abúlé, ikùn rẹ̀ ló ń darí rẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì máa ń dìbò fún. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo sì gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀ kí n tó jókòó ti èsì ìdìbò tí ọwọ́ mi lè tó. Èsì náà kò gbè é rárá, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ìlú wa fúnra rẹ̀ kò gbè é.

Kí a tó dé orí iye ìbò, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí a ń pè ní ará oko. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829, ìgboro àti oko ti jẹ́ ìhà méjì ilé kan náà. Ìdílé tó ní agboolé nínú ìlú ló ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáko, ọ̀pọ̀ abúlé ló sì ń jẹ́ orúkọ baba ńlá tí agboolé rẹ̀ wà ní ìgboro títí di òní. Mógàjí wà ní ìlú, baálẹ̀ wà ní abúlé, ọ̀rọ̀ tó bá sì ta kókó lábúlé, ìlú ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹni tó bá kú sí oko, ìlú ni a ń gbé òkú rẹ̀ wá sin, àyàfi tí nǹkan bá yí padà. Ìlú ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó, ìlú ni a ti ń ṣe Iléyá. Nígbà tí àwọn àgbà bá ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ìgbé ayé ọmọ Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ń ṣàpèjúwe.

Agboolé tiwa wà nítòsí Ọjà'ba, abúlé wa sì wà ní ọ̀nà Akánrán. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, máa ń lo ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ní ìdí kòkó rẹ̀, yóò sì wọ ìgboro wá ní òpin ọ̀sẹ̀ nítorí ìpàdé ẹbí, ẹgbẹ́ àdúgbò àti mọ́sáláṣí. Inú agboolé ni ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro kò tilẹ̀ dìbò ní ìgboro: ọ̀kan ń gbé Mọ́níyà, èkejì ń gbé Ológunẹ̀rù, ní ẹ̀yìn ìlú méjèèjì, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti gba káàdì wọn. Nítorí náà, bí a bá ń ka àpótí, ìbò àgbẹ̀ yìí yóò bọ́ sínú èsì ìgboro, ìbò ọmọ rẹ̀ tó ń jókòó sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́ yóò sì bọ́ sínú èsì tí a ń pè ní ti ìgbèríko. Èwo nínú wọn ni olùdìbò oko?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìdílé tiwa nìkan. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn. Márùn-ún ni a kà sí ìgboro, ìyẹn Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn. Mẹ́fà yòókù, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, ni a máa ń kà sí ẹ̀yìn ìlú, tí àwọn onímọ̀ràn òṣèlú sì máa ń pè ní ìgbèríko bí wọ́n bá ń ṣàlàyé èsì. Ṣùgbọ́n Akínyẹlé tí a ń wí yìí ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ wà, ní Mọ́níyà, ibẹ̀ náà sì ni iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA wà láti ọdún 1967. Ìdó ló ni Apẹ̀tẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì kún bí eéṣú. Ẹ lè rìn láti ojúlé kan sí òmíràn ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí kí ẹ má rí ẹyọ ebè kan, nígbà tí abúlé tó jìnnà sí títì ní wákàtí kan gbáko tún wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Àjọ elétò ìdìbò INEC kì í kọ "oko" tàbí "ìgboro" sórí èsì. Ibùdó ìdìbò, wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ ni ó fi ń kà á. Ẹni tó bá sọ fún yín pé báyìí ni ìgbèríko ṣe dìbò, òun fúnra rẹ̀ ló fa ìlà náà.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé èsì náà wò, nítorí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti túká pátápátá. Nínú ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, Bọ́lá Tinubu ti ẹgbẹ́ APC ní ìbò 449,884 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Atiku Abubakar ti PDP ní 182,977, Peter Obi ti Labour Party sì ní 99,110. APC kan náà ló gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ yẹn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe pé, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ kan náà jáde láti yan gómìnà, Ṣèyí Mákindé ti PDP sì ní ìbò 563,756, nígbà tí Teslim Fọlárìn ti APC ní 256,685. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Mákindé mú. Ìṣirò tó wà nínú èyí kò le: méjì péré ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀, nítorí náà bí a bá tilẹ̀ ní Ìbàdàn ni méjèèjì wà, mẹ́sàn-án ó kéré tán nínú mọ́kànlá tiwa ló mú, ìgboro àti ẹ̀yìn ìlú pọ̀. Bí ará oko bá jẹ́ ẹni tí kì í kúrò nínú ẹgbẹ́ kan, ta ni àwọn tó kúrò ní APC lọ sí PDP láàrin ọjọ́ 21 yẹn? Bí ará ìgboro bá sì jẹ́ ẹni tí ń dá ronú yàtọ̀, kí ló dé tí òun àti ará oko fi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, sí ìhà kan náà?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rán mi létí ọdún 2019, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹ̀rí tó dára jù lọ fún àwọn tó gba ìtàn yìí gbọ́ wà nínú ọdún náà. Ní ọdún yẹn, Gúúsù Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ìgboro Ìbàdàn márààrún wà, yan Kọ́lá Balógun ti PDP sí ilé aṣòfin àgbà, ẹni tó borí Abíọ́lá Ajímọ̀bí tó ń ṣe gómìnà lọ́wọ́ nígbà náà. Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́, níbi tí Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà wà, yan Fọlárìn ti APC. Lójú ẹni tó bá wò ó fìrí, ìgboro lọ sí ọ̀tún, oko lọ sí òsì. Ṣùgbọ́n ẹkùn Àárín Gbùngbùn náà ló ní ìlú Ọ̀yọ́ nínú, tí kì í ṣe oko rárá, Gúúsù Ọ̀yọ́ sì ní Ìdó àti ìlú àwọn Ìbàràpá nínú, tí àgbẹ̀ pọ̀ sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dìbò gómìnà, Mákindé ní 515,621, Adébáyọ̀ Adélabú ti APC ní 357,982, ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún péré ni Adélabú sì mú. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní ẹkùn Àárín Gbùngbùn. Ó kéré tán, mẹ́fà nínú wọn ti kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ tí ẹkùn wọn yan ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú. Ìdìbò ààrẹ ọdún kan náà tilẹ̀ sún mọ́ ara débi pé ìbò 1,461 ló wà láàrin Atiku tó ní 366,690 àti Muhammadu Buhari tó ní 365,229. Ibi tí nǹkan bá ti sún mọ́ra tó báyìí, ẹni tó ní òun rí ògiri láàrin oko àti ìgboro ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń pín olùdìbò níyà ní ìpínlẹ̀ yìí wà lóòótọ́, kò sì farasin. Ìlú sí ìlú ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991, nínú gbogbo àwọn gómìnà tí àwọn ènìyàn dìbò yàn, Adébáyọ̀ Aláò-Akálà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, nìkan ni kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Bí ẹ bá bá ará Òkè-Ògùn tàbí ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ òṣèlú, èyí ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú yín, yálà olùkọ́ ni wọ́n ní àárín ìlú tàbí wọ́n ń gbin iṣu lẹ́yìn odi. Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn àti oníṣòwò Ìsẹ́yìn ní ẹjọ́ kan náà láti bá Ìbàdàn rò, ẹjọ́ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí a bá padà sẹ́yìn, a ó rí i pé òṣèlú tó lágbára jù lọ ní Ìbàdàn rí kò yọ oko sílẹ̀. Nígbà tí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú wọ ilẹ̀ wa, tí ìjọba àwọn òyìnbó ní kí a gé gbogbo igi tó ti kó o lulẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yìí wà lára òpó tí Adégòkè Adélabú, gbajúmọ̀ olóṣèlú Ìbàdàn ayé ìgbà náà, gbé Mábọlájẹ́ lé, ẹgbẹ́ tó bá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ṣe pọ̀, tó sì gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn ní ọdún 1954. Agboolé ni Adélabú ti ń kó ènìyàn jọ, oko ni ẹdùn ọkàn wọn ti ń wá. Nígbà tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1958, ìgboro sunkún, oko sì sunkún.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀ tó kọ ìyà, bẹ́ sílẹ̀, bí ìtàn kan bá sì wà tó yẹ kó ti ẹnu ẹni tó ní ará oko kò mọ òṣèlú pa, òun ni. Owó orí ti wọ àgbẹ̀ lọ́rùn, owó tí ìjọba ń san lórí kòkó kéré, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, àkódà àti wolé-wolé sì ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu lábúlé. Àwọn àgbẹ̀ kò wulẹ̀ ké. Wọ́n ṣe ìṣirò ohun tí agbára wọn ká, wọ́n sì ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, wọ́n wọ́ lọ sí Mápó, gbọ̀ngàn ìjọba ìlú Ìbàdàn. Ìjọba ológun lo ìbọn, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, síbẹ̀ rògbòdìyàn náà tún ru sókè ní ọdún 1969. Akánrán ni Tàfá Adéoyè, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn, ti jáde. Ibẹ̀ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní láti lọ bá wọn jókòó. Owó orí wá sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ wo irú àwọn ènìyàn yìí dáadáa: wọ́n mọ iye tí wọ́n fẹ́, wọ́n mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ọ̀nà Mápó. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ni a ń sọ pé abọ́ ìrẹsì kan tó láti rà.

Ní ti ọ̀rọ̀ ikùn yìí gan-an, kò yẹ kí ọmọ Ìbàdàn kankan nawọ́ sí abúlé. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ òṣèlú àmàlà àti gbẹ̀gìrì jù lọ ní Nàìjíríà, Alhaji Làmídì Adédibú tó di olóògbé ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, Mọ̀lété ni ààfin òṣèlú rẹ̀ wà, nínú ìgboro, ará ìgboro ló sì kún àgbàlá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni "dìbò kí o sebẹ̀", ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní ọdún 2018, kò ya ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára abúlé. Ẹni tí ebi ń pa ní Bẹẹrẹ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ebi ń pa ní Akánrán. Wọ́n máa ń sọ pé abúlé ń pawọ́ pọ̀ dìbò fún ẹnìkan, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí lábẹ́ igi ọ̀dàn, ohun tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ ni ẹni tó lè tún afárá wọn ṣe. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti àwọn ìjọ wa ní ìgboro ń ṣe ohun kan náà gan-an, a kàn ń fún un ní orúkọ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá tún ní ará ìgboro ló mọ iyì ìbò jù, kí a wo Èkó, tí oko rẹ̀ kò pọ̀ tó láti di ẹ̀bi rù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ìdìbò ọdún 2023 tó wáyé jẹ́ 7,060,195. Àwọn tí wọ́n yẹ káàdì wọn wò lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ jẹ́ 1,347,152. Kò tó ẹnìkan nínú márùn-ún.

Mo gbà pé láti òkèèrè ni apá kan ìgbàgbọ́ yìí ti wọ àárín wa. Àwa tí a ń wo ìròyìn Amẹ́ríkà ti rí àwòrán ilẹ̀ wọn lẹ́yìn ìdìbò, tó pupa, àwọ̀ ẹgbẹ́ Republican, láti etí dé etí, tí àwọ̀ búlúù ti ẹgbẹ́ Democrat sì kàn tò sí ibi tí àwọn ìlú ńlá wà. Ìyapa náà wà lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, ó sì ti jinlẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, àwòrán náà fi ilẹ̀ hàn ju ènìyàn lọ. Agbègbè Loving ní Texas, tí ènìyàn 64 ń gbé nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, gba àyè tirẹ̀ lórí àwòrán náà, gẹ́gẹ́ bí agbègbè Los Angeles tí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ń gbé ṣe gba tirẹ̀. Vermont ni ìpínlẹ̀ tí ará ìgbèríko pọ̀ sí jù lọ ní ìwọ̀n iye ènìyàn rẹ̀, nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, Joe Biden ti Democrat sì ni wọ́n fi ìbò tó tó ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún gbè ní ọdún 2020. Lọ́dún kan náà, ìbò tí Donald Trump ti Republican rí ní California lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ó sì pọ̀ ju èyí tó rí ní Texas lọ. Bí ìtàn náà bá ń ní ìyàtọ̀ tó báyìí ní ilé tí wọ́n bí i sí, kò yẹ kí a dì í wá sí ìlú tí àgbẹ̀ rẹ̀ ń sùn sí agboolé.

N kò sọ pé kò sí ohun tó yà oko sọ́tọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. Ọ̀nà jìn, ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí láti fi èsì ránṣẹ́. Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni pé ibùdó tí olùdìbò rẹ̀ kéré kò lè fi ẹnikẹ́ni pamọ́: bí ènìyàn 50 bá dìbò, tí ẹgbẹ́ kan sì ní ìbò mẹ́ta, gbogbo abúlé lè fojú inú wo ẹni mẹ́ta náà, aṣojú ẹgbẹ́ tó dúró ti àpótí pẹ̀lú sì lè wò ó. Ní Bódìjà, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́. Bí ìbò abúlé kan bá jọ ara wọn ju ti ìgboro lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rù wà níbẹ̀ kí ẹ tó pè é ní àìmọ̀kan.

Ìpalára tí ìtàn yìí ń ṣe ni mo ṣe jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Olóṣèlú tó gbà á gbọ́ kì í lọ sí abúlé pẹ̀lú ètò. Yóò dúró di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, yóò sì fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìdìbò, yóò wo iye ìbò tó ti abúlé jáde, yóò rí i pé kò tó nǹkan, yóò sì gbé ọ̀dà títì lọ sí ibòmíràn. Kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ yẹn ti dìbò ní agboolé wọn ní ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni ìgboro tí wọ́n ti dìbò kò ní afárá kankan lórí odò abúlé láti béèrè. Ní òjò tó kọjá, pákó mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ sórí odò tó wà níwájú oko Bàbá Kékeré. Orí ni wọ́n fi ń ru àpò kòkó kọjá lórí rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí wọn yóò fi dé ibi tí ọkọ̀ ti lè gbé e wá sí ìlú.